Omi tí Ìyàwó Ààrẹ Dà Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi kú lẹ́yìn ìkórè iṣu. A ti sin ín, a ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ẹbí tó wá láti Ṣakí ti wọkọ̀ padà. Èmi nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá wa. Ilé dákẹ́ jù, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Mo rántí orúkọ gbogbo àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí: orúkọ wọn, orúkọ bàbá wọn, àti orúkọ tí à ń pè wọ́n bí wọ́n bá ti kọjá tán. Mi ò ní kọ ọ̀kankan sílẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà ní Atakpamé níbí, ní ilẹ̀ Tógò, ọwọ́ ẹnì kan náà la jọ ti ń ra ata, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bi mí ní ohun tí mo ní lọ́kàn.

Ìwé mi kò pọ̀. Àwọn sísítà Àgùdà kọ́ mi ní Faransé títí bàbá wa fi ní ó tó. Yorùbá kíkọ, ọkọ mi ló kọ́ mi lẹ́yìn ìgbéyàwó, nítorí ó fẹ́ ẹni tí yóò máa bá òun kọ̀wé sí àwọn ará ilé. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ fi jì mí, ẹ ṣáà máa kà á lọ.

Aláṣọ ni bàbá wa. Ó ti gbé aṣọ wá síbí láti Ṣakí kí wọ́n tó bí wa, ó sì fẹ́ kí gbogbo wa máa tà á. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Ó ní aṣọ kì í gbóná, àwọn tó ń rà á kì í sì í kí èèyàn dáadáa. Ẹ̀kọ ló yàn, ẹ̀kọ mímu tí àwọn ará ibí ń pè ní kókó, òun pẹ̀lú àkàrà. Ìdí iná rẹ̀ kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn òkè, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ti tò síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀pù wọn, àwọn tíṣà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn àgbẹ̀ tó ru iṣu wá láti Akparé. Ó ń kí oníkálukú ní èdè tirẹ̀. Ifẹ̀ tí àwọn ará Akparé ń sọ sún mọ́ Yorùbá wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ ọ́, wọ́n á ní, "Ìyá Ẹlẹ́kọ, kí ni Ifẹ̀ wa ṣe fún ọ tí o fi ń nà án báyìí?" Òun náà á ní, "Ẹ gbé kọ́ọ̀pù yín wá. Èyí tí mo nà ti jinná."

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kò sí ẹni tí kì í jẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé wa, bí a bá gbé omi fún àlejò, ẹni tó gbé e wá á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú àlejò kó tó na igbá sí i. Àwọn Ifẹ̀ ń ṣe é, àwọn Ewe, ẹ̀yà kejì tó pọ̀ níbí, ń ṣe é, àwa náà ń ṣe é. Kò sí ẹni tó ń ronú sí i. Bí ẹni tó gbé omi wá kò bá tọ́ ọ wò, àlejò kò ní bínú, kò sì ní sọ nǹkan kan. Á kàn rọra gbé igbá kalẹ̀ ni, á ní òùngbẹ kò gbẹ òun mọ́.

Ó ti ṣe díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira nígbà tí a gbọ́ pé ìyàwó Ààrẹ ń bọ̀ wá ṣí ilé ìgbẹ̀bí tuntun. Èwo nínú àwọn ìyàwó Ààrẹ ni? Mi ò ní sọ. Ààrẹ fúnra rẹ̀, ohùn rẹ̀ la mọ̀ nínú rédíò. Ìyàwó rẹ̀, àwòrán rẹ̀ la mọ̀. Ó wà lára ògiri ilé ìwòsàn, ó gbé ọmọ ọlọ́mọ dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá wa máa ń wo àwòrán yẹn títí. "Ọmọ yẹn ń sunkún," ló máa ń sọ. "Wọ́n kàn pa ẹnu rẹ̀ rẹ́ ni." Bí a ṣe rí i nígbà náà, iṣẹ́ obìnrin náà ni kó máa rẹ́rìn-ín níbi tí ọkọ rẹ̀ kò ti lè rẹ́rìn-ín: ọ̀dọ̀ àwọn aboyún, ọ̀dọ̀ àwọn adẹ́tẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn opó. Ó ń pín ọṣẹ, ó ń pín aṣọ ọmọ. Àwọn obìnrin ń gba ọṣẹ náà, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n á sì gbóòórùn rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó lò ó.

Olórí àwọn obìnrin ìlú nígbà náà jẹ́ ọmọ Ifẹ̀, Àgùdà, ìyàwó akọ̀wé ìjọba. Ìyá Ẹgbẹ́ la ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. Bàtà onígìgísẹ̀ gíga ló fi ń gun òkè Atakpamé, kì í sì í yọ̀. Ó wá sí ìdí iná ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró síbi tí èéfín kò dé.

"Ìyá Ẹlẹ́kọ, ìwọ lo máa gbé omi fún Màdáàmù."

"Èmi kẹ̀, Ìyá Ẹgbẹ́? Èmi tí mo ń rùn èéfín?"

"A ó fọ̀ ọ́."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ọwọ́ yín mọ́ ju tèmi lọ."

"Bí mo bá gbé e, àwọn Ewe á ní àwa Ifẹ̀ fẹ́ gba ìlú. Bí Ewe bá gbé e, àwọn èèyàn mi á bínú lọ sílé. Ìwọ, o kì í ṣe ti ẹnì kankan. Gbogbo ìlú sì ń jẹ lọ́wọ́ rẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn, kí n má parọ́. Èmi ni ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ lára, pé kì í ṣe ti ẹnì kankan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yí i sọ́tùn-ún, yí i sósì. Ẹni tí kì í ṣe ti ẹnì kankan, bí nǹkan bá ṣe é, ta ni yóò bi wọ́n?

Ìyá wa gbé igbá fínfín kan jáde, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ilé nígbà ìgbéyàwó rẹ̀. A kò mu nǹkan kan nínú rẹ̀ rí.

Wọ́n sún ọjọ́ ìbẹ̀wò náà síwájú, wọ́n tún un sún. Nígbà tí wọ́n fi máa mú ọjọ́ tó dúró, oṣù Ramadan ti lé. Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá Ìyá Ẹgbẹ́ nílé, mo tẹ̀lé e.

"Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé omi yẹn. A ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Mi ò lè tọ́ ọ wò."

"Ta ló ní kí o tọ́ ọ wò? Àwọn ará Lomé ló ń gbé omi wọn bọ̀ nínú ìgò. Wọ́n á ti tọ́ ọ wò kó tó dé ọwọ́ rẹ. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ẹnu ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan igbá náà ṣáájú Màdáàmù."

"Bó bá wá ní kí n mu ún ńkọ́?"

"Ìyàwó Ààrẹ ni o, kì í ṣe àlejò ilé yín. Orúkọ rẹ sì ti dé ọ́fíìsì kọ̀máńdà. Ṣé kí n padà lọ sọ fún un pé Ìyá Ẹlẹ́kọ kọ̀?"

Kọ̀máńdà la ṣì ń pe ọ̀gá ìjọba àgbègbè wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òyìnbó ti lọ. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n lọ sọ fún un pé òun kọ̀. A bi àáfà wa, ó ní omi gbígbé kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe parí.

Ohun kan wà tí mo ní láti sọ kí n tó dé ọjọ́ náà gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi kì í dáwọ́ ẹ̀kọ dúró nínú ààwẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í ṣe Mùsùlùmí. Kò sì lè mọ̀ bóyá ẹ̀kọ ti kan tó, bóyá iyọ̀ àkàrà pé, láìfi ahọ́n kàn án. Wọ́n kọ́ wa pé alásè lè tọ́ oúnjẹ wò ní orí ahọ́n, bó bá ṣáà ti tu ú dànù, tí kò gbé e mì. Ohun tó ń ṣe láràárọ̀ lẹ́yìn ìdí iná nìyẹn. Àwa kò kà á sí nǹkan kan. Àmọ́ ẹni tí kò mọ̀, tó bá ń wò ó láti òkèèrè, obìnrin tó ń tu ẹ̀kọ ara rẹ̀ dànù kó tó bù ú fún ẹlòmíràn ló máa rí.

Lọ́jọ́ náà wọ́n tò wá, àwa ọmọ ilé ìwé, sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú àsíá kékeré lọ́wọ́. Oòrùn mú. Èmi wà nítòsí ibi tí ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sí pẹ̀lú igbá. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ọkùnrin Lomé kan ṣí ìgò, ó da omi sínú igbá, ó sì padà sẹ́yìn.

Ìyàwó Ààrẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó kéré ju àwòrán rẹ̀ lọ. Ìyá Ẹgbẹ́ lọ pàdé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ kí i, ó na ọrùn, ó sọ nǹkan sí i létí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló tó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó gba igbá, ó wo inú rẹ̀, ó sì na igbá náà padà sí i. Ó sọ ọ́ ní Ewe, ketekete, gbogbo wa gbọ́. Dáví ni wọ́n ń pe ọ̀dọ́bìnrin bẹ́ẹ̀ ní Ewe.

"Dáví, kọ́kọ́ mu."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ wò ó, ó mọ bí a ti ń ṣe! Àwọn obìnrin hó. Ẹ̀gbọ́n mi gba igbá, kò gbé e sẹ́nu. Àtẹ́wọ́ dín, ó dín, ó tán. Ẹ̀yìn ni ìyàwó Ààrẹ kọ sí mi, gèlè rẹ̀ ni mò ń rí, mi ò rí ẹnu rẹ̀. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí dáadáa. Ó wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ìyàwó Ààrẹ gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra yí i, ó da gbogbo omi náà sórí ilẹ̀ pupa, ó sì kọjá lọ ṣí ilé ìgbẹ̀bí. Ó gbé ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n ya àwòrán, ó pín ọṣẹ. Ẹ̀rín rẹ̀ kò yẹ̀.

"Ó da omi fún àwọn baba ńlá wa ni," bàbá kan sọ lẹ́yìn mi.

"Baba ńlá wo?" ẹlòmíràn dá a lóhùn. "Ó rí nǹkan nínú rẹ̀ ni."

Àwọn ọkùnrin Lomé gba igbá, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi jókòó sábẹ́ igi tíìkì títí àwọn mọ́tò fi lọ tán. Wọn kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n bi í ní orúkọ rẹ̀ àti ibi tí bàbá rẹ̀ ti wá, wọ́n tún un bi, wọ́n ní kó máa lọ. Igbá ìyá wa, a kò rí i mọ́. Títí dòní mo ń bi ara mi léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi igbá òfìfo ṣe.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀kọ kún ìkòkò. Tíṣà tó máa ń ṣáájú gbogbo èèyàn dé gba òdìkejì ọ̀nà, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ rélùwéè kan dúró, ẹni tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín ni, ó fi kọ́ọ̀pù rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn.

"Ìyá Ẹlẹ́kọ, tọ́ ọ wò fún mi kí n rí i."

"O mọ̀ pé mo ń gbààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ yìí mà bọ́ sásìkò o! Lánàá ó yọ ọ́ lọ́wọ́ omi, lónìí ó tún yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀kọ."

Àwọn tó dúró rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Kò rà á. Obìnrin eléèédú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló wá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kò tilẹ̀ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Ẹ̀yin ò rí i ni? Láràárọ̀ ni mò ń rí i tó ń tu ú dànù. Òun fúnra rẹ̀ kò lè gbé e mì."

Ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ní, bó bá lè fi ẹ̀kọ kan ahọ́n kó sì tu ú, kí ló dé tí kò fi omi kan ahọ́n lójú ìyàwó Ààrẹ? Àwọn tiwa ní, kí ló gbé e lọ síbẹ̀ nínú ààwẹ̀, kí ni wọ́n ṣèlérí fún un? Kò sí ìdáhùn tó lè bá ìbéèrè méjèèjì mu.

"Bí a bá túnu tán, wọ́n á gbàgbé," ló sọ fún ìyá wa.

A túnu. Láràárọ̀ lẹ́yìn náà, kó tó bu ẹ̀kọ fún ẹnikẹ́ni, á bu kọ́ọ̀pù kan kún fún ara rẹ̀, á mu ún tán lójú gbogbo èèyàn. Mo máa ń dúró tì í kí n tó lọ sílé ìwé, mo ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ti ń lọ sókè sódò. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n wí? Wọ́n ní ó ti lo ẹ̀rọ̀ kó tó jáde nílé.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó da ìkòkò rẹ̀ dé. Ó lọ bá bàbá wa, ó gba aṣọ. Ọjà Moretan ló ń ná, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n ju aláṣọ lọ. Ó tà á títí ó fi darúgbó, aṣọ tó ní kì í gbóná. Kò se ẹ̀kọ fún ará ìta mọ́ láyé rẹ̀.

Ọdún ń lọ, ìjọba yí padà. Wọ́n yọ àwòrán obìnrin náà kúrò lára ògiri ilé ìwòsàn. Ojú ibẹ̀ mọ́ ju ibi yòókù lọ, tí èèyàn bá wọlé, á mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ rí. Ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, òṣìṣẹ́ rélùwéè ọjọ́sí wá kàn wá nílé, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ìyá Ẹlẹ́kọ! Ìwọ lo kọ́kọ́ mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Ká ní ó mu ún lọ́jọ́ yẹn!"

"Omi ni," ẹ̀gbọ́n mi sọ. "Omi lásán ni."

"Mo gbọ́, mo gbọ́. Omi ni." Ó sì ṣẹ́jú sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí jù lọ. Ọwọ́ tí wọ́n ń sá fún tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fẹ́ bọ̀ báyìí, nítorí ohun kan náà tí kò ṣe.

Ọjọ́ díẹ̀ kó tó kú, mò ń fi aṣọ tútù nù ún lójú, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ó bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Ta ni?"

"Ìyàwó Ààrẹ. Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ló sọ ọ́. Ó ní, 'Ṣé o ń gbààwẹ̀ ni?' Mi ò lè dáhùn, mo wolẹ̀. Ó ní, 'Má mu ún. Èmi náà ò ní mu ún.' Ó sì dà á nù."

Aṣọ tútù dúró lọ́wọ́ mi. "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?"

"Mo sọ ọ́. Mo sọ fún Ìyá Ẹgbẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní kí n má tún un sọ, pé wọ́n á ní mò ń parọ́ mọ́ ìyàwó Ààrẹ. Nígbà tí wọ́n sì lé ọkọ rẹ̀, ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tí obìnrin náà ṣàánú fún?"

Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Gèlè ni mo rí lọ́jọ́ náà, mi ò rí ẹnu. Ibà sì wà lára ẹ̀gbọ́n mi, ó sì jẹ́ ẹni tó máa ń wá ohun dídùn sọ fún ẹni tó bá ń sunkún. Bóyá ó fẹ́ fi nǹkan tó dára sílẹ̀ fún mi ni.

Ìyá Ẹgbẹ́ wá kí wa ní ọjọ́ kẹjọ. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú un lọ́wọ́, bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀ báyìí. Ó jókòó, ó ń sọ ìtàn ọjọ́ náà fún àwọn ọ̀dọ́: àwọ̀ gèlè ìyàwó Ààrẹ, orin tí a kọ, ibi tí mọ́tò dúró sí. Kò gbàgbé nǹkan kan. Mo bu omi sínú igbá, mo gbé e wá, mo kúnlẹ̀.

"Ìyá Ẹgbẹ́, kí lẹ sọ sí i létí kó tó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi?"

"Sí ta ni?"

"Ìyàwó Ààrẹ. Ẹ̀yin méjèèjì rẹ́rìn-ín."

Ó wò mí. "Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Mi ò rántí mọ́."

"Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wá sọ fún yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ńkọ́?"

"Mo ní mi ò rántí."

Mo gbé igbá sókè láti tọ́ ọ wò. Ó na ọwọ́, ó gba igbá náà kó tó kan ètè mi, ó sì mu omi náà tán pátá lójú gbogbo ilé. "Ẹ̀kọ rẹ̀ dùn," ló sọ. "A kò rí irú rẹ̀ mọ́." Àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Ó di ọwọ́ mi mú pẹ́, kò wo ojú mi. Bóyá ẹ̀bẹ̀ ni. Bóyá ó mọ̀ pé bí òun bá ti mu omi yẹn, n kò ní lè tún bi òun ní nǹkan kan lójú èèyàn. N kò sì bi í.

Lónìí mo se ẹ̀kọ. Mo gbé ìkòkò síta ní ọ̀sán gangan, mo bu kọ́ọ̀pù kan, mo mu ún, mo jókòó tì í. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí mi kú ìdúró dè é. Ọkùnrin kan dúró, ọmọ tíṣà ọjọ́sí ni, ojú bàbá rẹ̀ ló wà lójú rẹ̀.

"Ìyá, ta ló sè é?"

"Èmi ni. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń sè é ni."

Ó wo ìkòkò, ó wò mí. Ó ní òun ń lọ mú kọ́ọ̀pù nílé. Kọ́ọ̀pù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó rí i. Ilé rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ̀kọ ti ń tutù nígbà tí mo wọlé wá kọ èyí tó kù, mo sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí kí n lè gbọ́ bó bá dé.